Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù kí iṣẹ́ William Pecora so èso tí ikú fi mú un lọ

Láti Lotto, Mowe àti Ibafo títí dé Ifo, àwọn tó ń kọ́lé mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ju ohun tí ojú rí lọ. Ilẹ̀ tó gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè di àbàtà bí òjò bá dé, kí ògiri ilé tí wọ́n fi owó gọbọi kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lanu. Lápá òkè ayé lọ́hùn-ún, yìnyín inú ilẹ̀ ló ń fa irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn tó jà fitafita kí aráyé lè máa ṣọ́ ilẹ̀ láti òfurufú ni William Thomas Pecora.

Ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kejì, ọdún 1913 ni wọ́n bí i sí ìlú Belleville, ní New Jersey, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ítálì ni àwọn òbí rẹ̀ ti ṣí wá. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ilẹ̀ àti àpáta ní Yunifásítì Princeton, ó sì jáde ní 1933. Ó tún mọ eré idà ṣe gan-an, débi pé ó wà lára àwọn tó ṣojú Amẹ́ríkà níbi ìdíje Òlíńpíìkì tó wáyé ní Berlin ní 1936. Ní 1939 ló dara pọ̀ mọ́ U.S. Geological Survey, àjọ ìjọba tó ń ṣèwádìí ilẹ̀, ọdún tó tẹ̀ lé e ló sì gboyè ọ̀mọ̀wé ní Harvard. Ó ṣèwádìí àlùmọ́ọ́nì ní Brazil, ó sì fẹsẹ̀ rin òkè Bearpaw ní Montana.

Ní 1965, Pecora di ọ̀gá àgbà àjọ náà. Ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ ènìyàn kò lè rin gbogbo ayé já, nítorí náà ló ṣe fẹ́ sátẹ́láìtì tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ju kó máa ya àwòrán ilẹ̀, igbó àti omi lọ. Ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 1966, mínísítà rẹ̀, Stewart Udall, kéde ètò náà fún aráyé. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ àjọ NASA nínú, àwọn tó ń ṣọ́ àpò ìjọba náà sì ń wo owó tí yóò ná wọn. Pecora kò jáwọ́, títí tí NASA fi gbà láti ṣe sátẹ́láìtì náà.

Láàárín àkókò yìí, ní 1968, wọ́n rí epo rọ̀bì ní Prudhoe Bay, ní Alaska. Wọ́n fẹ́ la ọ̀pá epo tó gùn tó 1,287 kìlómítà gba orí ilẹ̀ tí omi inú rẹ̀ ti di yìnyín láti ọdún gbọọrọ. Gbígbóná ni epo náà ń jáde. Bí wọ́n bá ri ọ̀pá mọ́lẹ̀, yìnyín yóò yọ́, ilẹ̀ yóò rì, ọ̀pá yóò sì lè bẹ́. Àwọn onímọ̀ àjọ Pecora wà lára àwọn tó kìlọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo àyíká gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù ní 1970. Nígbà tí Pecora di igbákejì mínísítà ní 1971, ọwọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ ìwádìí ewu náà bọ́ sí, wọ́n sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní oṣù kẹta, ọdún 1972. Nígbà tí wọ́n wá ṣe ọ̀pá náà, wọ́n gbé ohun tó ju ìdajì rẹ̀ lọ sórí òpó, kó má baà kan ilẹ̀.

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù keje, ọdún 1972, Pecora kú lẹ́ni ọdún 59. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ náà gbéra ní California. Láti nǹkan bí 900 kìlómítà lókè, ọjọ́ méjìdínlógún ló fi ń yí padà wá wo ibi kan náà. Landsat ni wọ́n padà sọ ọ́. Ìkẹsàn-án irú rẹ̀ lọ sókè ní 2021, láti 2008 sì ni àwòrán wọn ti di ọ̀fẹ́ fún ẹnikẹ́ni.

Sátẹ́láìtì kò lè rí yìnyín tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ohun tó ń rí ni adágún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ tàbí tó gbẹ, àti etí òkè tó ya lulẹ̀. Àwọn onímọ̀ a fi àwòrán ọdún dé ọdún wéra, wọn a sì gbẹ́ ihò láti wọn bí ilẹ̀ ṣe gbóná tó. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹ̀mí àti owó. Ní Newtok, ní Alaska, yìnyín tó ń yọ́ àti odò tó ń jẹ ilẹ̀ lé àwọn ará abúlé kúrò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sí Mertarvik ní 2019.

Nílé níbí, ọdún 1972 tí Pecora kú náà ni wọ́n dá RECTAS sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà ní ìmọ̀ wíwo ilẹ̀ láti òkè. NigeriaSat-1 sì gbéra ní 2003. Àwòrán Landsat fi hàn bí igbó ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1978, ṣe di ilé lọ rẹrẹẹrẹ. Ojú tí Pecora kò rí lò nìyẹn. Ó kù sọ́wọ́ àwa tó fẹ́ ra ilẹ̀ àti ìjọba tó ń fọwọ́ sí ìwé ilé kíkọ́, láti fi wo ibi tí omi máa ń dé kí a tó gbé búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ kalẹ̀.