Ìtàn René Caillié, Ẹni Tí Ìyá Arúgbó Kan Gbà Là Lójú Ọ̀nà Timbuktu

Ẹ̀yin ará wa, nígbà tí ọyẹ́ bá mú ní Jos wa yìí, ìlú tí ó wà ní ibi tí ó ga ju 4,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ, tí ètè ń là tí gìgísẹ̀ sì ń sán, ẹni tí ara rẹ̀ le pàápàá a máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó bọ́ sí ọ̀nà jíjìn. Ìtàn tí a mú wá fún yín lọ́tẹ̀ yìí jẹ́ ti ọkùnrin kan tí ó bọ́ sí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ nínú ọyẹ́, lẹ́yìn tí egbò ẹsẹ̀ àti àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀ fún oṣù márùn-ún ní ìlú tí kò ti ní ẹbí. René Caillié ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Faransé ni. Òun ni àkọ́kọ́ nínú àwọn òyìnbó ìgbà rẹ̀ tí ó wá ìlú Timbuktu lọ, tí ó dé ibẹ̀, tí ó sì padà sílé láàyè láti ròyìn ohun tí ó rí.

A bí i ní ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá ọdún 1799, ní ìlú kékeré kan tí a ń pè ní Mauzé. Ẹni tí ń ṣe búrẹ́dì ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dá a lẹ́bi olè jíjà, wọ́n sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n iṣẹ́ àṣekára ní Rochefort, níbi tí ó kú sí ní ọdún 1808. Ní ọdún 1811 ìyá náà tún kú. Báyìí ni ọmọ ọdún mọ́kànlá ṣe di aláìní bàbá àti ìyá, tí ó sì ń ru orúkọ tí kò níyì ní ìlú kékeré tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn. Wọ́n fi í sí ẹnu iṣẹ́ bàtà, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí nínú awọ àti abẹ́rẹ́. Ìwé àwọn arìnrìn-àjò ni ó ń kà ṣáá, àwòrán ilẹ̀ Adúláwọ̀ ni ó sì ń wò. Ní ọdún 1816, nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Sẹ̀nẹ̀gà. Owó tí ó wà lápò rẹ̀ kò ju 60 fráǹkì lọ.

Ìrìn-àjò àkọ́kọ́ kò bọ́ sí i. Àìsàn lé e padà sí ilẹ̀ Faransé, ó sì bá oníṣòwò ọtí wáìnì kan ṣiṣẹ́ ní Bordeaux. Ní ọdún 1824 ó padà sí Sẹ̀nẹ̀gà, ó sì lọ gbé láàrin àwọn Brakna, ẹ̀yà kan ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Mauritania lónìí, láti kọ́ èdè Lárúbáwá àti ẹ̀sìn Ìmàle. Nígbà tí ó dé, ó bẹ ìjọba kí wọ́n ràn án lọ sí Timbuktu, ṣùgbọ́n wọn kò fún un ní owó tí ó tó. Ó wá kọrí sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró, ó gba iṣẹ́ alábòójútó níbi tí wọ́n ti ń ṣe aró, ó sì ń tọ́jú owó iṣẹ́ rẹ̀ títí ó fi ní nǹkan bí 2,000 fráǹkì. Ó ti gbọ́ pé Ẹgbẹ́ Onímọ̀-Ilẹ̀ ti Paris ṣe ìlérí 10,000 fráǹkì fún ẹni tí ó bá kọ́kọ́ mú ìròyìn tòótọ́ nípa Timbuktu wá.

Caillié mọ̀ pé òyìnbó tí ó bá lọ ní gbangba lè má padà. Nítorí náà ó wọ aṣọ àwọn Ìmàle, ó sì hun ìtàn kan. Ó ní ọmọ Íjíbítì ni òun, pé àwọn ọmọ ogun Bonaparte kó òun lọ sí ilẹ̀ Faransé nígbà tí òun wà ní kékeré, pé wọ́n mú òun wá sí Sẹ̀nẹ̀gà, àti pé òun ti gba òmìnira, òun sì ń wá ọ̀nà ilé bàbá òun lọ. Abdallahi ni ó pe ara rẹ̀. Ìwé tí ó ń kọ nípa ọ̀nà, inú Kùránì rẹ̀ ni ó ń fi í pamọ́ sí, kí ó lè dà bí ẹni tí ń kẹ́kọ̀ọ́.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 1827 ó bá ẹgbẹ́ oníṣòwò kan kúrò ní Kakondy, ní etí odò Nunez ní ilẹ̀ Gínì. Wọ́n gun òkè Futa Jallon, wọ́n sì rékọjá Odò Ọya ní Kouroussa ní oṣù kẹfà. Odò kan náà ni àwọn bàbá wa rékọjá ní Jẹ́bà nígbà tí wọ́n bá ọkọ̀ ojú irin bọ̀ wá sí òkè yìí. Àkókò òjò ni. Ẹrẹ̀ àti omi ni wọ́n ń là kọjá lójoojúmọ́, sálúbàtà sì ń ha ẹsẹ̀ tí kò gbẹ rí. Nígbà tí ó máa fi dé ìlú Tiémé, ní àríwá Côte d'Ivoire òde òní, ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ, egbò ti dé sí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, kò sì lè bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ mọ́.

Ilé ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Baba ni ó sọ̀ sí. Ó rò pé ìwọ̀nba ọjọ́ ni òun yóò lò. Bí egbò náà ti fẹ́ máa san ní oṣù kọkànlá ni àrùn mìíràn kọlù ú, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní scurvy. Ẹni tí kò bá rí èso àti ẹ̀fọ́ tútù jẹ fún ìgbà pípẹ́ ni ó máa ń mú, àwọn atukọ̀ òkun àtijọ́ sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Eyín rẹ̀ ń mì, ẹran ẹnu rẹ̀ ń jẹrà, egungun àjà ẹnu rẹ̀ sì ń já bọ́. Egbò ẹsẹ̀ náà tún là. Ilẹ̀ tútù nínú ahéré ni ibùsùn rẹ̀, àpò awọ tí ó kó ẹrù sí ni ìrọ̀rí rẹ̀. Ó dé ibi tí ó fi ń gbàdúrà kí ikú wá mú òun lọ.

Àwọn kan nínú ìlú ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá Baba, obìnrin arúgbó, kò bá wọn ṣe é. Lójoojúmọ́ ni ó ń gbé omi ìrẹsì wá, tí ó sì ń rọ̀ ọ́ kí ó mu ún, nígbà tí ẹnu rẹ̀ kò lè jẹ nǹkan líle. Obìnrin arúgbó kan tún wà tí ó mọ àrùn náà. Ó mú igi pupa kan wá, ó sè é nínú omi, ó sì ní kí ó máa fi yọ ẹnu lẹ́ẹ̀mélòó kan lóòjọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹnu náà san, tí ẹsẹ̀ náà sì jinná. Kò sí dókítà níbẹ̀, kò sí ọsibítù. Ọwọ́ àwọn ìyá àgbà ni Ọlọ́run fi wò ó sàn.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1828, láàrin ọyẹ́, ó tún gbéra. Ẹgbẹ́ àwọn tí ń ru obì gbàǹja lọ sí Djenné láti fi ra iyọ̀ ni ó bá lọ. Ẹ̀yin oníṣòwò wa mọ ohun tí ẹrù obì jẹ́: kò gbọ́dọ̀ gbẹ, kò sì gbọdọ̀ rà, nítorí náà alárùú kì í lè fi ìrìn falẹ̀. Oṣù méjì ni wọ́n lò lójú ọ̀nà. Ní Djenné ó fi agboòrùn rẹ̀ ta ọlọ́lá kan ní ọrẹ, ẹni náà sì bá a wá àyè nínú ọkọ̀ ojú omi. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ó wọ Timbuktu. Kò bá wúrà lórí òrùlé; ilé amọ̀ nínú yanrìn ni ó bá, pẹ̀lú àwọn ènìyàn tí ó gbà á dáadáa. Níbẹ̀ ni ó ti gbọ́ nípa Ọ̀gágun Gordon Laing, ọmọ ilẹ̀ Scotland tí ó dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ní ọdún 1826, tí wọ́n sì pa bí ó ti ń padà bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni Caillié lò. Ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ó bá nǹkan bí 600 ràkúnmí wọ aṣálẹ̀ Sàhárà nínú ooru tí ó burú jù lọ, níbi tí òùngbẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ní oṣù keje ó dé Tafilalt ní ilẹ̀ Mòrókò. Láti ibẹ̀ ó gba orí òkè Atlas, níbi tí ìbaaka àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ràkúnmí, ó sì dé Tangier ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 1828 nínú àkísà bí alágbe. Aṣojú ìjọba Faransé níbẹ̀ fi í pamọ́, ó sì dá ọgbọ́n fi ọkọ̀ gbé e padà sílé.

Ẹgbẹ́ náà fún un ní owó tí wọ́n ṣèlérí. Ìjọba fi oyè dá a lọ́lá, wọ́n sì tẹ ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ jáde ní ọdún 1830. Àwọn kan sọ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n nígbà tí Heinrich Barth, ẹni tí ó ti gba Kano kọjá, dé Timbuktu ní ọdún 1853, ó jẹ́rìí sí i pé òtítọ́ ni Caillié kọ. Caillié ti kú kí ẹ̀rí yìí tó jáde. Ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 1838 ni ó kú, ọmọ ọdún 38 péré.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀ràn yìí dáadáa. Ẹ̀bùn 10,000 fráǹkì dé ọwọ́ ẹni tí ó rìn. Kò sí fráǹkì kan tí ó dé Tiémé. Orúkọ Caillié wà nínú ìwé ní gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ìyá yẹn, orúkọ ọmọ rẹ̀ ni a fi mọ̀ ọ́n, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń pe àwọn ìyá wa. Bí kò bá sí omi ìrẹsì rẹ̀, ahéré ni ìtàn náà ìbá parí sí. Ohun kan sì tún wà tí ó dun ni: orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ẹni tí ó ń tọ́jú fi mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni pé ẹ̀rù ikú ni ó mú Caillié ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, gbèsè tí ó jẹ ìyá náà kì í ṣe ti omi ìrẹsì nìkan. Oore ìyá náà kò ní irọ́ nínú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ tí wọ́n sọ fún un kì í ṣe òótọ́. Sí ìyìn Caillié, kò fi oore náà pamọ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé kí ayé lè kà á.

Àwa tí a wà ní Àpáta yìí, àlejò ni àwọn tí ó ṣáájú wa nígbà tí wọ́n dé. Ẹnìkan ni ó fún wọn ní omi mu, ẹnìkan ni ó fi ọ̀nà ọjà hàn wọ́n, ẹnìkan ni ó kọ́ wọn ní èdè. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n, kí wọ́n sì máa dárúkọ àwọn olóore náà nínú ilé. Ó sì yẹ kí a bi ara wa léèrè ta ni ó dùbúlẹ̀ lónìí nínú yàrá tí ó háyà, tí kò ní ará nítòsí, bóyá ọmọ tiwa tàbí ti ẹlòmíràn. Nínú ọyẹ́ yìí, ẹ kàn án lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹ̀kọ gbígbóná bá wà nílé, ẹ gbé díẹ̀ dání.