Àjàyí Crowther àti Àkọtọ́ Yorùbá

Òṣogùn ni a bí Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther sí ní nǹkan bí ọdún 1809. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821; ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e, Sàró ni ó sì ti kàwé. Ní 1843, ọdún tí ó di àlùfáà, àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde; ìwé gírámà rẹ̀ dé ní 1852. Ẹnu àwọn àgbà ni ó ti ń ṣa ọ̀rọ̀. Iná jó ilé rẹ̀ ní Èkó ní 1862, ọ̀rọ̀ àti òwe tí ó ti ń kó jọ láti ọdún wọ̀nyí wá di eérú. Kò torí èyí fi kálàmù sílẹ̀.

Ní 1875, òun ni alága ìpàdé àkọtọ́ tí àwọn míṣọ́nnárì ṣe ní Èkó, kí ọwọ́ lè ṣọ̀kan. Ohun kékeré kọ́: láìsí àmì ìsàlẹ̀, oko àti ọkọ di ọ̀kan náà lójú ìwé. Ẹ̀ka-èdè Ọ̀yọ́, tí í ṣe tirẹ̀, ni ó sì fẹsẹ̀ rinlẹ̀ jù nínú èdè àkọsílẹ̀ náà. Ìdí nìyí tí ọmọ Ìṣẹ́ tàbí Ìkéré tí ń pe ilé ní ulé fi gbọ́dọ̀ kọ ilé sínú lẹ́tà iṣẹ́.

Crowther kú ní Èkó ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, 1891.