Olivér Halassy: Òmùwẹ̀ Ẹlẹ́sẹ̀ Kan Láàrin Àwọn Ẹlẹ́sẹ̀ Méjì

Bí òmùwẹ̀ bá ti wọ inú omi, orí, èjìká àti apá rẹ̀ nìkan ni àwọn òǹwòran máa ń rí. Àwa Yorùbá a máa lo ọ̀rọ̀ amúkùn-ún tí ẹrù orí rẹ̀ wọ́ láti fi kọ́ ènìyàn pé ìsàlẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò kí a tó dá òkè lẹ́jọ́. Ní ti Olivér Halassy, ọmọ ilẹ̀ Húńgárì, òkè tí àwọn ènìyàn ń wò kò wọ́ rárá. Ìsàlẹ̀ tí omi bò mọ́lẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Láti kékeré ni wọ́n ti gé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún. Síbẹ̀, ó gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà méjì àti fàdákà kan nínú ìdíje Òlíḿpíìkì, ó sì tún gba ipò kìn-ín-ní nínú ìlúwẹ̀ẹ́ ọ̀nà jíjìn ní gbogbo Yúróòpù. Ẹni tí ó bá ka àbájáde àwọn ìdíje wọ̀nyí lórí ìwé kò ní rí ohunkóhun níbẹ̀ tí yóò sọ fún un pé ẹlẹ́sẹ̀ kan ni. Kò sí ìdíje kankan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Ẹnu ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn gbà wọlé ni òun náà gbà, èyí gan-an ni ó sì mú kí ìtàn rẹ̀ yẹ ní àgbéyẹ̀wò.

Ní ọjọ́ 31, oṣù keje, ọdún 1909 ni wọ́n bí i ní Újpest, ìlú kan tí ó múlé gbe Budapest ní apá àríwá, tí wọn kò tíì pa pọ̀ mọ́ olú-ìlú náà nígbà ayé rẹ̀. Haltmayer ni orúkọ ìdílé tí wọ́n bí i sí, orúkọ tí ó jọ ti àwọn ará Jámánì; ní àsìkò náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Húńgárì ni ó pa irú orúkọ bẹ́ẹ̀ tì, tí wọ́n sì mú èyí tí ó bá èdè ilẹ̀ wọn mu. Bí òun náà ṣe di Halassy nìyẹn. Ìgbà ọmọdé ni ọkọ̀ ojú-irin ìgboro ṣe é ní jàm̀bá, tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì bá a lọ. Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 5. Nígbà tí ogun náà yóò fi parí, àwọn ọkùnrin tí wọ́n fi apá tàbí ẹsẹ̀ sílẹ̀ lójú ogun ti pọ̀ káàkiri Yúróòpù. Ẹlẹ́sẹ̀ kan kì í ṣe ohun àjèjì ní ìgboro nígbà náà. Ohun tí ó ṣàjèjì ni kí ẹlẹ́sẹ̀ kan wà nínú ẹgbẹ́ eléré ìdárayá tí ń ṣojú orílẹ̀-èdè.

Ẹgbẹ́ eré ìdárayá ìlú rẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí UTE, ni ó wẹ̀ fún. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí láti ṣàlàyé ohun tí àìní ẹsẹ̀ kan túmọ̀ sí fún òmùwẹ̀. Nínú ìlúwẹ̀ẹ́ ọ̀nà jíjìn, apá ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù láti wọ́ ara síwájú. Ẹsẹ̀ ń gbè é lẹ́yìn, ó sì ń jẹ́ kí ara dúró gbọọrọ lójú omi. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ yóò máa wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, àfi bí ó bá kọ́ ọ̀nà tí yóò fi máa fi apá àti ìbàdí dá ara rẹ̀ padà sójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ibi méjì wà tí apá kò ti lè ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́: ibi tí òmùwẹ̀ ti ń fò bọ́ sómi ní ìbẹ̀rẹ̀, àti ibi tí ó ti ń yí padà lára ògiri. Níbẹ̀, ẹsẹ̀ ni ń ti ara síwájú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni Halassy ní fún iṣẹ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo Paris ní ọdún 1931, níbi ìdíje ìlúwẹ̀ẹ́ gbogbo Yúróòpù. Ìdíje 1500 mítà ni ó jù lọ ní gígùn nínú àwọn ìdíje ibẹ̀. Nínú adágún oní-50 mítà, èyí jẹ́ àlọ àti àbọ̀ 30 lápapọ̀, ó sì túmọ̀ sí pé ẹ̀ẹ̀mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni òmùwẹ̀ yóò yí padà lára ògiri. Nígbà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n yìí, àwọn tí wọ́n bá a díje ń fi ẹsẹ̀ méjì ti ara wọn kúrò lára ògiri, òun ń fi ẹyọ kan ṣoṣo. Ìyàtọ̀ tí èyí ń mú wá lẹ́ẹ̀kan lè má tó nǹkan, ṣùgbọ́n díẹ̀ díẹ̀ ni ó ń di púpọ̀. Gbogbo ohun tí ó bá sọnù lára ògiri, apá ni yóò wá a padà láàrin omi. Halassy wẹ̀ ẹ́ ní ìṣẹ́jú 20 àti ìṣẹ́jú-àáyá 49, ó sì gba ipò kìn-ín-ní. Níbi ìdíje kan náà ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gba wúrà nínú bọ́ọ̀lù inú omi. Nílé, àwọn ipò kìn-ín-ní tí ó gbà nínú ìlúwẹ̀ẹ́ ju 20 lọ.

Bọ́ọ̀lù inú omi, tí wọ́n ń pè ní wọ́tà pólò, ni ó gbé orúkọ rẹ̀ jáde jù, bẹ́ẹ̀ òun ni ó sì le jù fún ẹni tí kò ní ẹsẹ̀ pípé. Ènìyàn méje ni ń ṣojú ikọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan náà. Agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ máa fi ẹsẹ̀ po omi nísàlẹ̀ láìsinmi kí èjìká rẹ̀ lè ga lójú omi, kí ó tó lè na ọwọ́ mú bọ́ọ̀lù tàbí kí ó jù ú, nígbà tí alátakò ń tì í, tí ó ń fà á. Béla Komjádi, olùkọ́ni tí àwọn ará Húńgárì kà sí bàbá eré náà ní ilẹ̀ wọn, ni ó kọ́ àwọn ọmọ ikọ̀ rẹ̀ láti máa ju bọ́ọ̀lù sí ara wọn lójú òfurufú láìjẹ́ kí ó kan omi. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ń béèrè ọwọ́ tí ó yá àti ojú tí ó mú. Èrò tèmi ni pé ọ̀nà yìí bá Halassy lára mu, nítorí níbi tí bọ́ọ̀lù bá ti ń yára ju ènìyàn lọ, ọgbọ́n a máa dí àlàfo tí ẹsẹ̀ dá sílẹ̀.

Ní Amsterdam, ní ọdún 1928, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 19 ni. Jámánì borí Húńgárì nínú àṣekágbá, fàdákà ni Halassy sì mú relé. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní Los Angeles ní ọdún 1932, Húńgárì gbá 6, Jámánì gbá 2. Wọ́n sì fi 7 sí òdo lu Amẹ́ríkà tí ó gbà wọ́n lálejò. Wúrà Òlíḿpíìkì àkọ́kọ́ tí Húńgárì gbà nínú eré náà nìyẹn. Komjádi kú ní ọdún 1933, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò bá a kú: ní ọdún 1934, wọ́n tún gba ife-ẹ̀yẹ Yúróòpù ní Magdeburg, ní ilẹ̀ Jámánì.

Ti Berlin ní ọdún 1936 ni ó wúwo jù lọ́kàn mi. Ìjọba Hitler ti ṣe òfin ní ọdún 1933 tí ó fún wọn láṣẹ láti sọ àwọn tí wọ́n kà sí aláàrùn àjogúnbá di àgàn tipátipá, àwọn adití àti afọ́jú wà lára wọn. Láti ọdún 1939, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn akàndá àti àwọn tí orí wọn kò pé. Lóòótọ́, ẹsẹ̀ tí ọkọ̀ gé kì í ṣe àjogúnbá, òfin náà kò sì kan Halassy. Ṣùgbọ́n ìjọba tí ń fi ara líle yangàn ni ó gbàlejò rẹ̀, òun ẹlẹ́sẹ̀ kan sì wà nínú ikọ̀ tí kò jẹ́ kí Jámánì gba wúrà náà. György Bródy tí ó jẹ́ Júù sì wà lára àwọn aṣọ́lé ikọ̀ náà. Ọ̀mì ni Húńgárì àti Jámánì ta, 2 sí 2, àmì wọn sì dọ́gba. Ìṣirò bọ́ọ̀lù tí oníkálukú jẹ ni ó gbé wúrà fún Húńgárì.

Àwa olùkọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra bí a ó ṣe lo irú ìtàn yìí ní kíláàsì. Bí a bá sọ ọ́ di pàṣán tí a fi ń na ọmọ akàndá, tí à ń bi í léèrè ìdí tí òun kò fi lè ṣe bí i ti Halassy, a ti ṣi ìtàn náà lò. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ju bí ó ti kan ọmọ náà lọ. Ẹnìkan ní Újpest jẹ́ kí ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ kan wọ adágún. Olùkọ́ni kan fi orúkọ rẹ̀ sínú ikọ̀ nígbà tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ méjì wà nílẹ̀ tí ó lè mú. Ìgbà mélòó ni a ti ní kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jókòó ti aṣọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà eré ìdárayá, tí a sì rò pé àánú ni a ṣe é?

Ogun Àgbáyé Kejì kò jẹ́ kí Òlíḿpíìkì ti ọdún 1940 àti 1944 wáyé. Ọmọ ogun Sófíẹ́ẹ̀tì gba Budapest ní oṣù kejì ọdún 1945, wọ́n sì jókòó síbẹ̀. Halassy la ogun já. Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1946, nígbà tí ogun ti parí ju ọdún kan lọ, ọmọ ogun Sófíẹ́ẹ̀tì kan yìnbọn pa á nítòsí ilé rẹ̀. Ọmọ ọdún 37 ni.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ọdún 1948, dókítà Ludwig Guttmann kó àwọn akàndá 16 jọ fún ìdíje ní Stoke Mandeville, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ó wá bí ìdíje Paralympic. Ní ọdún kan náà, Károly Takács, ọmọ Húńgárì mìíràn tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti bàjẹ́, fi ọwọ́ òsì yìnbọn gba wúrà ní Òlíḿpíìkì London. Ní ọdún 2008, Natalie du Toit ti ilẹ̀ South Africa, tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ òsì tirẹ̀ náà, wẹ kìlómítà 10 láàrin àwọn ẹlẹ́sẹ̀ méjì ní Òlíḿpíìkì Beijing, ó sì gba ipò kẹrìndínlógún. Ọdún 1978 ni wọ́n kọ orúkọ Halassy sínú ìwé ọlá àwọn òmùwẹ̀ àgbáyé ní Florida. Ní Újpest, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ìlú náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ eré ìdárayá àwọn akàndá kan ní Budapest náà mú orúkọ rẹ̀ jẹ́.