Best Ogedegbe, Aṣọ́lé Nàìjíríà

Orúkọ ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n ni ayé máa ń pariwo. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni ka iye ìgbà tí aṣọ́lé kó ni yọ. Nítorí náà ni a ṣe yan ìtàn olóògbé Best Ogedegbe fún ìwé àjọ̀dún yìí, kí àwọn ọmọ wa tí ń gbá bọ́ọ̀lù lórí iyanrìn Lekki àti Ajah lè mọ ẹni tí ó dúró sẹ́nu ilé nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ gba ife-ẹ̀yẹ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà.

Ọdún 1954 ni a bí i. Ìbàdàn ni òkìkí rẹ̀ ti kàn, nínú ẹgbẹ́ IICC Shooting Stars. Ṣùgbọ́n nínú ikọ̀ Green Eagles, Emmanuel Okala ti Enugu Rangers, ọkùnrin gíga fíofío, ni ó kọ́kọ́ jókòó lórí àga náà. Agbábọ́ọ̀lù iwájú lè rí àyè lápá ọ̀tún tàbí lápá òsì. Aṣọ́lé kan ṣoṣo ni ilé ń gbà. Ogedegbe dúró de àkókò tirẹ̀. Sùúrù ni baba ìwà.

Àkókò náà dé ní oṣù Kẹta ọdún 1980, ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè, ní òdìkejì ọ̀sà sí wa. Nàìjíríà gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún: wọ́n na Tanzania, wọ́n bá Ivory Coast ta ọ̀mì, wọ́n borí Íjíbítì àti Mòrókò pẹ̀lú góòlù kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ 22, wọ́n fi góòlù 3 sí òdo fàgbà han Àljíríà. Segun Odegbami gbá méjì wọlé, Muda Lawal gbá ẹyọ kan; Ogedegbe ni ó ṣọ́lé. Nínú gbogbo ìdíje náà, góòlù kan péré ni ó wọ ilé Nàìjíríà.

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Ní oṣù Keje ọdún kan náà, níbi ìdíje Òlíḿpíìkì ní Moscow, Kuwait na Nàìjíríà ní góòlù 3 sí 1, wọ́n sì padà sílé láìborí ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ aṣọ́lé rí: àṣìṣe ẹlòmíràn lè fara sin, tirẹ̀ ń bẹ lójú gbogbo ènìyàn.

Lẹ́yìn tí ó fi eré sílẹ̀, ó di olùkọ́ni. Ní oṣù Kẹsàn-án 2009, ó jáde láyé ní Ìbàdàn, ní ẹni ọdún 55.

Ìwé Mímọ́ fi olùṣọ́ sórí odi ìlú, nítorí pé nígbà tí àwọn ará ìlú ń sùn ni tirẹ̀ ń ṣe. Ilé ẹ̀kọ́ wa náà ní tirẹ̀: ẹni tí ń ṣí ẹnu ọ̀nà kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyá tí ń dáná, ẹni tí ń jí lóru wo àwọn ọmọ tí ara wọn kò dá. Ní àjọ̀dún yìí, a óò pe àwọn tí ó gba ẹ̀bùn síwájú. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa àtijọ́, ẹ jẹ́ kí a pe àwọn tí ó ṣọ́lé pẹ̀lú, nígbà tí wọ́n ṣì lè gbọ́ orúkọ wọn.