Àjàyí Crowther àti Àmì Kékeré Abẹ́ Lẹ́tà

Ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther tí ẹ ń kà yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tẹ̀ ẹ́. Màá sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ọ̀ṣoògùn ni wọ́n bí Àjàyí sí. Ní 1821, àwọn akónilẹ́rú ya wọ ìlú náà, wọ́n kó òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ lọ. Wọ́n ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó níbí, tí wọ́n fi tì í sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Oṣù kẹrin 1822 ni Myrmidon, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, gbà wọ́n sílẹ̀, ó sì kó wọn lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ló ti kàwé. Ní 1843, ó di àlùfáà, ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ṣe sì jáde lọ́dún yẹn kan náà. Ní 1846, lẹ́yìn ọdún 25, òun àti Àfàlà ìyá rẹ̀ tún fojú kanra ní Abẹ́òkúta. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ó sì kú ní Èkó ní December 31, 1891.

Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ò tó fún ohùn wa. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló mú wa dé orí àmì abẹ́ e, o àti s. Láìsí i, oko àti ọkọ á di ọ̀kan náà.

Ẹ wá gbọ́ tèmi. Mo fẹ́ yọ àmì ìdánudúró inú C.M.S. kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Mo tẹ àmì kan péré sínú Find, mo fi Replace sílẹ̀ lófìfo, mo tẹ Replace All, mo save, mo pa á dé. Nígbà tí mo ṣí i padà, ìlà òfìfo nìkan ló kù! Tíṣà kọ̀ǹpútà wa ní mo ti tan regular expression sílẹ̀: níbẹ̀, àmì ìdánudúró dúró fún lẹ́tà yòówù. Tí mo bá fẹ́ òun gan-an, kí n fi backslash ṣáájú rẹ̀, báyìí: \. Àmì kékeré yẹn ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà bó ṣe máa kà á.

Àbí kì í ṣe iṣẹ́ kan náà ni àmì abẹ́ ọ ń ṣe fún àwa òǹkàwé? Nígbà tí mo tún un tẹ̀, mi ò fo àmì kankan. Ẹ̀yin ará Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndó, tí ẹ bá ń fi àròkọ ránṣẹ́ sí wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sórí orúkọ yín, ká má baà pè yín ní ohun tí ẹ ò jẹ́.