Violeta Parra: Akọrin Tí Ó Fi Ẹnu Àgbà Ṣe Ilé-Ẹ̀kọ́

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ọmọdé lè láṣọ tó àgbà, ṣùgbọ́n kò lè ní àkísà tó àgbà. Òwe yìí ni ó ń sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ń to ìtàn obìnrin tí mo fẹ́ gbé síwájú yín, ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Violeta Parra ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ orílẹ̀-èdè Chile ni, ilẹ̀ tóóró kan tí ó nà gbọọrọ láàárín òkun Pàsífíìkì àti àwọn òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Kì í ṣe Yorùbá, kò sì gbọ́ èdè wa. Ìdí tí mo fi yàn án ni pé iṣẹ́ tí ó fi ayé rẹ̀ ṣe jọ iṣẹ́ tí àwa tí a ń kọ́ nípa lítíréṣọ̀ alohùn ń pè ní tiwa. Ó tọ àwọn àgbà lọ, ó sì gba orin lẹ́nu wọn. Ohun tí ó fi orin náà ṣe lẹ́yìn tí ó gbà á tán ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Ìbí àti Ìgbà Èwe Rẹ̀

Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹwàá ọdún 1917 ni wọ́n bí i ní agbègbè Ñuble, ní ìhà gúúsù Santiago tí í ṣe olú-ìlú Chile. Olùkọ́ orin ni bàbá rẹ̀, Nicanor Parra. Ìyá rẹ̀, Clarisa Sandoval, wá láti ìdílé àwọn ará oko. Aránṣọ ni, ó mọ orin oko kọ, ó sì mọ gìtá ta. Ọmọ pọ̀ nínú ilé náà, owó ni kò pọ̀. Violeta kéré púpọ̀ nígbà tí ilẹ̀ẹ́gbóná bá a jà. Ó yè é, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ kò kúrò lójú rẹ̀ títí ó fi kú.

Nígbà tí àwọn ọdún 1920 ń parí lọ, lábẹ́ ìjọba Ọ̀gágun Ibáñez, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá wọn. Ọkùnrin náà fi ọtí ṣe ìtura, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó fi ṣaláìsí. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni ìyá wọn fi ń bọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà ń kọrin nínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n ń kọrin lọ́jà, wọ́n sì ń bá àwọn eléré tí ń pidán láti ìlú dé ìlú ṣeré, kí wọ́n lè rí nǹkan mú bọ̀ wá sílé. Nígbà tí Violeta fi máa di ọmọ ọdún 12, ó ti ń ta gìtá, ó sì ti ń hun orin tirẹ̀.

Ó Dé Santiago

Ní nǹkan bí ọdún 1932, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Santiago. Nicanor ni ẹ̀gbọ́n yìí náà ń jẹ́ bí i bàbá wọn. Òun ni ó di akéwì ńlá, tí ó sì ń kọ́ni ní ìmọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Chile. Violeta wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, ṣùgbọ́n kò parí rẹ̀. Ilé ọtí ni òun àti Hilda, ọmọ ìyá rẹ̀, ti ń kọrin jẹun. Ní ọdún 1938, ó fẹ́ Luis Cereceda, òṣìṣẹ́ rélùwéè, ó sì bí Isabel àti Ángel fún un. Ọkọ ń fẹ́ aya tí yóò jókòó sílé, aya kò sì lè fi orin sílẹ̀. Wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀ ní ọdún 1948. Lẹ́yìn náà ni ó fẹ́ Luis Arce, ó sì bí ọmọbìnrin méjì fún un.

Òun àti Hilda gbé àwo orin jáde. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú orin tí wọ́n ń kọ nígbà náà, nítorí ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ mi wà. Orin tí ará ìlú ńlá ń fẹ́ ni: orin Sípéènì, orin Mẹ́síkò, àti orin ìfẹ́ tí ó wọ́pọ̀ lórí rédíò. Orin oko tí ìyá wọn ń kọ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ kò sí nínú rẹ̀. Orin tálákà ni wọ́n ka ìyẹn sí.

Ó Di Akẹ́kọ̀ọ́ Àwọn Àgbà

Ó ti lé ní ọmọ ọdún 30 dáadáa kí ọ̀nà rẹ̀ tó yí padà. Nicanor ni ó gbà á níyànjú ní nǹkan bí ọdún 1953 pé kí ó fi orin àlejò sílẹ̀, kí ó wá orin ilẹ̀ wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó ni ín. Violeta gbé gìtá àti ìwé kékeré kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Nígbà tí ó yá, ó ní ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Kò kọ́kọ́ lọ jìnnà. Ní etí Santiago gan-an, ní Barrancas, ni ó ti bá Rosa Lorca pàdé, ìyá àgbà kan tí ó jẹ́ agbẹ̀bí, tí orin àti àṣà kún inú rẹ̀. Ní Puente Alto ni Isaías Angulo ti kọ́ ọ ní guitarrón, gìtá ńlá kan tí ó ní okùn 25. Iṣẹ́ ọkùnrin ni wọ́n ka títa guitarrón sí. Violeta jókòó síwájú bàbá náà, ó sì kọ́ ọ.

Ewì tí àwọn àgbà wọ̀nyí ń kọ lórin ní òfin tirẹ̀. Ẹsẹ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlà 10, ìró ìparí ìlà kan sì gbọ́dọ̀ bá ti òmíràn mu ní ọ̀nà tí a ti là sílẹ̀. Ẹ̀yà rẹ̀ pín sí méjì: èyí tí ó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn, àti èyí tí ó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Nínú èyí tí ó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni orin àìsùn òkú ọmọdé wà. Lọ́dọ̀ tiwa, òkú ọ̀fọ̀ ni òkú ọmọdé; a kì í kọrin sí i. Àwọn ará oko Chile kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ kékeré bá kú, wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ funfun, wọ́n á gbé e jókòó sórí àga bí áńgẹ́lì, àwọn akọrin á sì kọrin títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé kò yẹ kí ìyá ọmọ sunkún, nítorí omijé a máa mú ìyẹ́ áńgẹ́lì náà tutù, kò sì ní lè fò dé ọ̀run. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ṣì ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Violeta kò kó orin wọ̀nyí pamọ́. Láàárín ọdún 1953 sí 1954, ó ń ṣe ètò kan lórí Rédíò Chilena, níbi tí ó ti ń kọ orin tí ó gbà lóko fún àwọn ará ìlú ńlá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń gbọ́ ọ jẹ́ ọmọ oko tí ó ti wá jẹun ní Santiago. Ní ọdún 1955, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Caupolicán nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí orin ìbílẹ̀.

Òkè Òkun àti Àdánù

Ní ọdún 1955 yìí kan náà, wọ́n pè é sí àjọ̀dún àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé ní Warsaw, ní ilẹ̀ Póláǹdì. Ó fi ọmọ rẹ̀ tí ó kéré jù, Rosita Clara, sílẹ̀ nílé. Ọmọ náà kú nígbà tí ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn odi. Obìnrin tí ó ti kọ́ gbogbo orin àìsùn ọmọdé lẹ́nu àwọn àgbà kò sí níbi àìsùn ọmọ tirẹ̀. Kò padà sílé títí di òpin ọdún 1956. Paris ni ó wà, ó ń kọrin nílé ọtí, ó sì ń gba ohùn sílẹ̀ fún àwo orin. Èmi kò ní dá a lẹ́bi, èmi kò sì ní dá a láre. Mo kàn fẹ́ kí a mọ̀ pé iṣẹ́ yìí gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ó padà dé, Yunifásítì Concepción pè é, ó sì dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ kan sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1958. Ní ọdún 1959, àrùn ẹ̀dọ̀ dá a dùbúlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò lè dilẹ̀ lórí ibùsùn, ni ó bá mú aṣọ ìdọ̀họ, ó mú abẹ́rẹ́ àti òwú, ó sì ń fi wọ́n ya àwòrán. Kò kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Aṣọ ìdọ̀họ wọ̀nyí ni wọ́n fi hàn ní ọdún 1964 ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà kan tí ó wà nínú ààfin Louvre ní Paris, pẹ̀lú àwọn àwòrán ọ̀dà àti ère wáyà tí ó ṣe. Iṣẹ́ òun nìkan ni wọ́n pàtẹ níbẹ̀ nígbà náà.

Àgọ́ La Reina

Ó padà sí Chile ní ọdún 1965. Isabel àti Ángel ti ṣí ilé kan sí Santiago níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbọ́ orin ìbílẹ̀, èrò sì ń wọ́ lọ síbẹ̀. Violeta fẹ́ ohun tí ó ju èyíinì lọ. Ó pa àgọ́ ńlá kan sí La Reina, ní ẹsẹ̀ òkè Andes, ó sì fẹ́ kí ó di yunifásítì orin ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ jìnnà sí ìgboro, òjò ń dààmú wọn, àwọn tí ń wá kò sì pọ̀. Gilbert Favre, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tí ó fẹ́ràn, tí ó sì mọ fèrè òkè Andes fọn, fi í sílẹ̀ lọ sí Bòlífíà. Violeta lọ kí i ní La Paz ní ọdún 1966, ó sì mú àwọn akọrin ibẹ̀ wá sí àgọ́ rẹ̀.

Ọdún náà ni ó gbé àwo orin rẹ̀ tí ó lókìkí jù jáde, Las últimas composiciones. Charango, gìtá kékeré àwọn ará òkè Andes, ni ó ta sí Gracias a la vida, orin tí ó fi dúpẹ́ fún ojú, etí, ẹsẹ̀, ẹ̀rín àti ẹkún. Nínú àwo yìí kan náà ni orin òkú ọmọdé kan wà tí òun fúnra rẹ̀ hun. Ẹ rántí ìyẹ́ áńgẹ́lì. Ohun tí ó gbà lẹ́nu àwọn àgbà ní 1953 ti gba inú ìbànújẹ́ tirẹ̀ kọjá, ó sì ti jáde bí orin tuntun. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejì ọdún 1967, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀ nínú àgọ́ náà. Ọmọ ọdún 49 ni.

Lẹ́yìn Ikú Rẹ̀

Ọjọ́ a bá kú là ń dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Ní ọdún 1970, ìtàn ayé rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ fi ewì onílà 10 hun jáde ní ìwé. Mercedes Sosa ti Ajẹntínà gba Gracias a la vida kọ ní 1971, Joan Baez ti Amẹ́ríkà gbà á kọ ní 1974. Àwọn ọ̀dọ́ akọrin Chile tí ó ṣí ọ̀nà fún di ohùn àwọn mẹ̀kúnnù. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní oṣù Kẹsàn-án 1973, wọ́n pa Víctor Jara, ọ̀kan pàtàkì nínú wọn. Wọ́n ti Ángel mọ́ àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Òun àti Isabel sì di ẹni tí ń gbé ìlú onílùú. Orin náà kò kú. Ní ọdún 2015, ìjọba Chile fi òfin sọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ di ọjọ́ orin fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà.

Ìkádìí

Ní èrò tèmi, ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún wa kò le. Àwa náà ń gba ohùn ìjálá, rárà àti ẹkún ìyàwó sílẹ̀. A ń tú u palẹ̀, a ń fi gboyè, a sì ń gbé e sínú àpótí. Gbígbà á sílẹ̀ dára, nítorí àgbà kì í dúró deni. Ṣùgbọ́n Violeta kò dúró níbẹ̀. Ó kọ́ orin náà títí ó fi lè kọ ọ́ fún ẹni tí ó ni ín, ó sì kọ ọ́ fún àwọn tí ojú ń tì láti gbọ́ ọ, kí ó tó hun tirẹ̀. Bí a bá padà lọ sí ìlú àwọn apohùn tí a gba ohùn wọn lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ kí a gbé ẹ̀rọ náà dání. Kí a jẹ́ kí àwọn ọmọ wọn gbọ́ ohun tí a gbà, kí ẹnìkan nínú wa sì lè dìde dá ẹsẹ kan níwájú bàbá tí ó kọ́ ọ, kí bàbá náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bóyá a mọ̀ ọ́n.