Ìtàn Ìgbésí Ayé Dókítà Frederick Banting

Ṣàṣà ni ẹni tí ó dàgbà ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́ tí kò gbọ́ orúkọ àtọ̀gbẹ rí. Àwọn baba wa ti fi àmì àìsàn náà sínú orúkọ rẹ̀: ẹni tí ó ń ṣe a máa tọ̀ ní gbogbo ìgbà, ara rẹ̀ a sì máa gbẹ bí ó tilẹ̀ ń jẹun. Bí ó bá tọ̀ sílẹ̀, èèrà a máa bo ibẹ̀, nítorí pé ṣúgà wà nínú ìtọ̀ náà. Kí ó tó di ọdún 1922, ọmọdé tí èyí tí ó le nínú rẹ̀ bá mú kì í sábà pẹ́ kí ó tó kú. Ohun tí àwọn oníṣègùn lè ṣe kò ju pé kí wọ́n dín oúnjẹ rẹ̀ kù títí yóò fi rù kan egungun. Ìtàn ọ̀kan nínú àwọn tí iṣẹ́ wọn yí èyí padà ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa.

A bí Frederick Grant Banting ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 1891, ní oko kan lẹ́bàá Alliston ní ilẹ̀ Kánádà. Àgbẹ̀ ni baba rẹ̀. Ní ọdún 1910 ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Toronto, ṣùgbọ́n kò yege ní ọdún kìíní. Síbẹ̀ kò sọ ìwé nù. Ní ọdún 1912 ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ó sì parí rẹ̀ ní ọdún 1916. Ó lọ sí ojú ogun gẹ́gẹ́ bí oníṣègùn. Ó gbọgbẹ́ lẹ́bàá Cambrai ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1918, a sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ ìgboyà.

Nígbà tí ó padà dé, ó ṣí ilé ìṣègùn sí ìlú kan ní Kánádà tí a ń pè ní London, ní ọdún 1920. Aláìsàn kò wá tó. Nítorí àtijẹ, ó gba iṣẹ́ olùkọ́ díẹ̀ mọ́ ọn. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún náà, bí ó ti ń múra ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ka ìwé kan nípa pancreas, ẹ̀yà ara tí ó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ. Ẹ̀yà ara yìí ń ṣe iṣẹ́ méjì. Ó ń tú omi tí ń lọ oúnjẹ sínú ìfun. Ó sì ń tú hormone kan sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí ó dàbí ìránṣẹ́ tí ń ṣílẹ̀kùn ara fún ṣúgà kí ó lè wọlé di agbára. Láti ọdún 1889 ni von Mering àti Minkowski ní ilẹ̀ Jámánì ti fi hàn pé ajá tí a bá yọ pancreas rẹ̀ yóò ní àtọ̀gbẹ. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tí ó rí hormone náà yọ lọ́nà tí a fi lè máa tọ́jú aláìsàn. Ní òru ọjọ́ náà, èrò kan wá sọ́kàn Banting: bí a bá so ọ̀nà omi náà pa, apá tí ń tú omi yóò rọ, hormone yóò sì ṣeé yọ láìbàjẹ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Macleod ní Toronto fún un ní yàrá iṣẹ́, àwọn ajá, àti akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń jẹ́ Charles Best. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1921. Ọ̀pọ̀ ajá kú mọ́ wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọn kò ṣíwọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 1922, a gún Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, ní abẹ́rẹ́ oògùn náà. Kò ṣiṣẹ́ tó. James Collip tún oògùn náà dà kí ó lè mọ́. Nígbà tí a tún gún ọmọ náà ní ọjọ́ 23 oṣù náà, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, agbára rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ọmọ tí à bá ti sin lo ọdún 13 sí i láyé. Insulin ni a pe oògùn náà.

Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Nígbà tí a fi ẹ̀bùn Nobel ọdún 1923 fún Banting àti Macleod nìkan, inú bí Banting, ó sì pín owó tirẹ̀ pẹ̀lú Best. Macleod náà pín tirẹ̀ pẹ̀lú Collip. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn kan náà, Banting, Best àti Collip ti fi ẹ̀tọ́ wọn lórí oògùn náà fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní dọ́là kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan má baà sọ ọ́ di ohun ìní ara rẹ̀. Banting kú nínú jàm̀bá ọkọ̀ òfuurufú ní Newfoundland, ní ọjọ́ 21 oṣù kejì ọdún 1941. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni gbogbo ayé ń yà sọ́tọ̀ fún ọ̀ràn àtọ̀gbẹ lónìí.

Àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ kò gbọdọ̀ fojú kékeré wo mímúra ẹ̀kọ́ sílẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni èrò ńlá yìí ti wá. Ẹ̀kọ́ kejì tún ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Insulin kì í wo àtọ̀gbẹ tán. Ó ń dá ẹ̀mí sí, bí ó bá tètè dé. Bí ọmọ kan nínú kíláàsì wa bá ń tọrọ ààyè láti lọ tọ̀ lemọ́lemọ́, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ẹní, tí ó sì ń rù, ẹ má ṣe jẹ́ kí a pè é ní ọ̀lẹ, ẹ má sì jẹ́ kí a nà án. Ẹ jẹ́ kí a ránṣẹ́ sí àwọn òbí rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́, kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Oògùn tí Leonard dúró dè ti wà nísinsìnyí. Ojú olùkọ́ ni ó lè kọ́kọ́ rí ọmọ tí ó nílò rẹ̀.